Ẹrù Tó Tóbi Ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Kí wọ́n tó máa pè é ní Ìyá Oníwáyà, ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wọṣẹ́ nílé tẹlifóònù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mẹ́rìndínlógún ti ń jókòó ní ìlà kan, tí wọ́n gbé ohun ìgbọ́rọ̀ kọ́ etí, tí wọ́n ń fi okùn so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Bí ọ̀rọ̀ bá já mọ́ àwọn méjì lẹ́nu, àwọn tó kù á ní kí oníbàárà tún un pè. Òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á tọ okùn náà lọ láti ihò dé ihò, títí á fi rí ibi tó ti tú. Alábòójútó wọn máa ń sọ pé orí kunkun ọmọbìnrin yìí, bí wọ́n bá fi kan igi, igi ló máa bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń so ìpè fúnra rẹ̀ dé, wọ́n kó àwọn mẹ́rìndínlógún náà jọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí kálukú máa lọ sílé. Àwọn kan lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, àwọn kan lọ sílé ọkọ. Òun gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti ri wáyà, ó ní òun fẹ́ máa bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wọn, ó wá bèèrè pé ṣọ́bìrì tòun dà. Inú kòtò yẹn ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n ń pè é ní Oníwáyà. Nígbà tó bímọ, ó di Ìyá Oníwáyà.

Ọdún méjìdínlógún ló fi wà nínú kòtò àti lórí òpó. Díẹ̀díẹ̀, wáyà tí wọ́n ń rì ò jẹ́ ti tẹlifóònù mọ́, ó di ti kọ̀ǹpútà. Ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀rọ nínú yàrá tútù ló ń sọ ohun tó bàjẹ́ fún àwọn tó wà nínú kòtò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun náà á kọ́ iṣẹ́ yàrá tútù. Ó ra ìwé kan tó nípọn bíi bíríkì, ó jókòó ṣèdánwò, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, ó tún fìdí rẹmi.

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ìṣirò àti ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló máa ń jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnnì, tí á máa ka ìbéèrè inú ìwé náà sókè nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń gé àlùbọ́sà. Bó bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ìyàwó á tún un ṣe, á sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un títí á fi yé òun tó ń ṣàlàyé náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kẹta tó yege, Tíṣà ní ó yẹ kí wọ́n fún òun náà ní ìwé ẹ̀rí, torí ẹ̀ẹ̀mejì lòun àti ẹ̀ jọ fìdí rẹmi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn orí òkè kan. Ó ti lo ọdún mẹ́wàá nílé ìwòsàn ńlá kan láàárín ìlú, èyí tó ní ilé ìwòsàn kéékèèké mọ́kànlá káàkiri àwọn abúlé, etí odò àti orí òkè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ló so ilé méjèèjìlá pọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ráútà tirẹ̀, ẹ̀rọ kan tó dà bí aṣọ́nà tó jókòó sẹ́nu géètì: òun ló mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà lọ sílé kejì, òun ló sì ń yẹ èyí tó ń wọlé wò. Láti ara rẹ̀ ni wáyà ti ń lọ sára súwíìṣì tó ń pín in fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìyá Oníwáyà ló to gbogbo rẹ̀, òun ló kọ àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lé sínú wọn, òun ni wọ́n sì ń pè bí ohunkóhun bá kọ iṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àwòrán egungun láti ilé ìwòsàn orí òkè ò dé mọ́.

Ilé ìwòsàn orí òkè yìí ní ẹ̀rọ ẹ́síréè, ṣùgbọ́n kò ní dókítà tó lè ka àwòrán rẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláwòrán ló ń ya àwọn aláìsàn. Á fi àwòrán ránṣẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dókítà tó wà nílé ńlá á kà á, á sì dá èsì padà kí wákàtí kan tó pé. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, orúkọ aláìsàn ń dé, ọjọ́ orí rẹ̀ ń dé, àwòrán fúnra rẹ̀ ò dé. Wọ́n á fi ránṣẹ́, á dúró gbagidi sójú kan bíi màlúù tí kò fẹ́ kọjá odò, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á ní òun ò lè dúró mọ́. Àwọn aláìsàn wá ń gun ọkọ̀ fún wákàtí méjì lójú ọ̀nà oníkòtò wá sí ìlú, kí wọ́n lè tún ya ohun tí wọ́n ti yà.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn, ọkùnrin kan tí Ìyá Oníwáyà fi ọdún mẹ́rìnlá jù lọ, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó pe ráútà orí òkè. Ráútà jẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ó tún un pè, ó tún jẹ́. Ó ní nǹkan kan ò ṣe ọ̀nà, kí wọ́n lọ wo ẹ̀rọ àwòrán. Àwọn tó ta ẹ̀rọ àwòrán wá, wọ́n tú u, wọ́n dì í padà, wọ́n ní ara ẹ̀rọ dá ṣáká, kí wọ́n lọ wo ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ wá dà bíi ti ọmọ tí bàbá ní ó di ọwọ́ ìyá, tí ìyá ní ó di ọwọ́ bàbá, tí ebi sì ń pa ọmọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì, ó sì fa àga fún un kó jókòó. Kò sọ̀rọ̀ ìwọ̀sí sí i. Ó ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti rí ilé iṣẹ́ kan láti ìta tó ṣe tán láti gba gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní Màmá ti sìn tó, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Bó ṣe ń sọ ọ́, bírò ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ìyá Oníwáyà gbọ́ ọ dópin. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mẹ́rìndínlógún àti ọpẹ́ tí wọ́n dú lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun ò wá bẹ̀bẹ̀, ọkọ̀ lòun fẹ́ gbà.

"Ẹ fún mi ní ọkọ̀ tó ń lọ sórí òkè lọ́la," ó ní. "Bí mi ò bá rí ìdí rẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹ pe ẹni tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ohun tí mi ò mọ ohun tó ṣe é sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Ọ̀gá fún un ní ọkọ̀.

Yàrá ẹ́síréè orí òkè kéré, ó sì mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ ńlá wà lápá kan, tábìlì kọ̀ǹpútà wà lápá kejì, láàárín wọn ni àga gígùn kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí. Aláwòrán jẹ́ obìnrin tín-ínrín tó ń rìn kíákíá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó na ìwé kan sí Ìyá Oníwáyà. Orúkọ èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, àwọn tó ti yà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ka àwòrán wọn.

Ẹni tó ṣe ìkẹtàlélógún wà lórí àga gígùn náà. Bíríkìlà àgbàlagbà kan ni, ó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn onígi lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní itan òun ló kàn gbọgbẹ́ díẹ̀, òun fẹ́ kí ọmọ òun fi ọ̀kadà gbé òun lọ sílé. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ti lọ sí ìlú pẹ̀lú aboyún kan, kò sì ní lè padà wá kó ìmíì títí di ọ̀la. Aláwòrán ti bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì.

"Ẹ wo ilé yìí," bíríkìlà ní, bó ṣe rí Ìyá Oníwáyà tó kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì. "Ọkùnrin sùn sílẹ̀, obìnrin ń ṣe wáyà. Ayé ti yí."

"Ó ti yí tipẹ́, Bàbá," obìnrin náà dá a lóhùn lábẹ́ tábìlì. "Orí àtẹ̀gùn lẹ wà, ẹ ò rí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nínú kòtò. Ó pààrọ̀ wáyà tó lọ láti kọ̀ǹpútà àwòrán sára súwíìṣì. Àwòrán ò lọ. Ó fà á kúrò nínú ihò kan, ó kì í bọ ihò mìíràn. Kò lọ. Ó wo inú súwíìṣì bóyá ó ti ka iye ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Òdo ló bá níbẹ̀. Ó wò ó bóyá ẹ̀rọ méjèèjì fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa yára tó. Wọ́n fẹnu kò. Ọ̀sán ti pọ́n, òrùn ti wọ ojú fèrèsé, ó ti fi wákàtí mẹ́ta mọ àwọn ohun tí kì í ṣe ìdí rẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tún ọ̀rọ̀ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ń dé. Ọjọ́ orí ń dé. Ọ̀gá pe ráútà, ráútà jẹ́. Kí ló ń dé, kí ni kò dé? Ohun kékeré ń dé. Ohun ńlá ni kò dé.

Kọ̀ǹpútà kì í gbé àwòrán lọ lódindi. Á gé e, á dì í ní ẹrù kéékèèké, á máa jù wọ́n sójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún á sì tò wọ́n padà. Ẹrù tó kún dáadáa, ìwọ̀n rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á, jẹ́ 1,500. Ìpè tí ọ̀gá ń pe ráútà ò tó 100. Bí ìgbà tí èèyàn na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kọjá ni, tó wá ní ilẹ̀kùn fẹ̀ tó láti gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé.

Ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó pe ilé ńlá láti orí òkè, ó sì fi ẹrù 500 sí ìpè náà, ó fi àmì sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e lójú ọ̀nà. Wọ́n jẹ́ ẹ. Ó fi 1,000 sí i, wọ́n jẹ́ ẹ. Ó fi 1,400 sí i, wọ́n jẹ́ ẹ. Ó fi 1,500 sí i. Ó pa lọ́lọ́. Ó wá ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín méjèèjì, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé Aláwòrán, títí tó fi tẹ ojú ibẹ̀ gan-an. 1,436 kọjá. 1,437 ò kọjá, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí.

Ìpalọ́lọ́ yẹn ló mú un lọ́kàn jù. Ráútà tó mọṣẹ́, bí ẹrù ò bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ránṣẹ́ padà sí ẹni tó ni ín pé ó tóbi jù, kó lọ gé e kéré. Kọ̀ǹpútà á gbọ́, á gé e, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní mọ̀. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ẹnu ọ̀nà kan ti dín, ìránṣẹ́ tó yẹ kó wá sọ fún wọn sì ti sọnù.

Aláwòrán bi í pé ṣé ó ti rí i. Ó ní òun ti rí ẹsẹ̀ olè, òun ò tíì rí olè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tó délé, Tíṣà bi í bóyá á dùn ún bí wọ́n bá ní kó sinmi lóòótọ́. Ó jẹun tán kó tó dáhùn. Ó ní ìsinmi ò burú, ẹni tó ń lé ni sínú rẹ̀ ló burú.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí awakọ̀ yà síbi òpó gíga tó wà láàárín ìlú àti orí òkè, níbi tí ọ̀rọ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ láàárín ilé méjèèjì ti ń bọ́ sílẹ̀ kó tó tún gbéra. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni òpó náà. Ọkùnrin kan tó ti darúgbó díẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ, ó ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀ sí, àní ewúrẹ́ tó wọ inú ọgbà wà níbẹ̀. Ìyá Oníwáyà kí i, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó bẹ̀ ẹ́ kó wo Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọkùnrin náà wọ awò ojú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n gbé àpótí ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá lọ, wọ́n gbé tuntun kalẹ̀.

Olùṣọ́ ò lè jẹ́ kó fọwọ́ kan àpótí náà, ṣùgbọ́n ó fi fóònù pe ẹnjiníà kan fún un. Ẹnjiníà náà ṣàlàyé pé àpótí tuntun yìí ń fi ìbòrí bo ẹrù kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè ka ọ̀rọ̀ aláìsàn lójú ọ̀nà. Ìbòrí sì nípọn. Ó gba àyè. Ìdí nìyẹn tí àyè tó kù fún ẹrù fi kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Oníwáyà bi í pé kí ló dé tí àpótí rẹ̀ ò fi wí fún wọn. Ẹnjiníà ní kó jẹ́ kí òun wo ojú kọ̀ǹpútà òun.

"Màmá, ó wí o," ó ní. "Láti Ọjọ́bọ̀, ó ti ránṣẹ́ sórí òkè yín ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó ní kí awakọ̀ máa gbé òun lọ sórí òkè.

Ráútà orí òkè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn yàrá ẹ́síréè. Ó ki wáyà aláwọ̀ búlúù bọ ẹnu rẹ̀, ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣẹ tó wà nínú rẹ̀ láti ìlà kìíní, ó ń fi ìka tọ ojú kọ̀ǹpútà lọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. Ní ìlà kẹtàdínlógójì ni ìka rẹ̀ dúró. Àṣẹ náà kúrú: irú ìránṣẹ́ báyìí, láti ibikíbi, sí ibikíbi, ẹ má jẹ́ kó wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ti kọ ọjọ́ tó kọ ọ́ àti lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà méjèèjì, tirẹ̀ ni.

Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ó ti lé ní ọdún méjì. Ìròyìn kàn nígbà náà pé àwọn olè orí kọ̀ǹpútà ń kan ilẹ̀kùn àwọn ilé ìwòsàn, irú ìránṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fi ń mọ ilé tí èèyàn wà. Ó jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti gbogbo ẹnu ọ̀nà méjèèjìlá pa mọ́ irú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ fún un ní ìwé ìyìn. Ó sì mọ̀ nígbà yẹn, ó wà nínú ìwé tó nípọn bíi bíríkì náà, pé ó yẹ kéèyàn fi ihò kékeré kan sílẹ̀ fún ìránṣẹ́ tó ń sọ ìwọ̀n ẹrù. Ó ní òun á padà wá ṣe é. Kò padà wá. Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ẹnu ọ̀nà fẹ̀ bákan náà nígbà yẹn, kò sí ìránṣẹ́ tó nílò ihò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé.

Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nídìí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó gbọ́ ohùn bíríkìlà lẹ́yìn ògiri, tó ń bi Aláwòrán pé ọ̀kadà ọmọ òun ti dé àbí kò tíì dé. Ó mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn nílé iṣẹ́ wọn tó lè ka ìlà yẹn kó yé e. Bó bá pa á rẹ́, tó sọ pé àpótí ilé iṣẹ́ olópòó ló fa gbogbo rẹ̀, kì í ṣe irọ́ pátápátá, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó fi ìrònú yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí aláìsàn wà nílẹ̀. Ó kọ ìlà tuntun sókè ìlà kẹtàdínlógójì: ìránṣẹ́ tó bá ń sọ pé ẹrù tóbi jù, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi pamọ́. Ó yọjú sí yàrá kejì, ó ní kí Aláwòrán fi ti Bàbá ránṣẹ́.

Àwọn méjèèjì dúró sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ìlà àwọ̀ ewé tó ń fi hàn bí àwòrán ṣe ń lọ sí yọ díẹ̀, ó dúró ní ibi tó máa ń dúró sí, Aláwòrán di ọwọ́ Ìyá Oníwáyà mú, ìlà náà sì ṣí, ó sáré kún dé òpin. Aláwòrán jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ó fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti àwọn méjìlélógún tó kù ránṣẹ́.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí fóònù fi dún. Dókítà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kí bàbá yẹn dìde dúró. Ọrùn egungun itan rẹ̀ ti sán, kò tíì yẹ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tàbí tó gun ọ̀kadà, á yẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má tún rìn dáadáa mọ́. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ lé pákó, òun ń rán ọkọ̀ bọ̀. Ọmọ bíríkìlà ti wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀kadà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún bàbá, ó fi ọwọ́ kan itan náà jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ òun pé kó máa gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ìyá Oníwáyà jáde síta, ó dúró sábẹ́ òjìji ilé, ó pe ọ̀gá. Ó sọ fún un pé àwòrán ti ń dé. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àpótí tuntun, ọ̀gá sì ń dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó ti ń sọ ohun tí òun máa sọ fún ìgbìmọ̀ nípa ilé iṣẹ́ olópòó.

"Ẹ dúró ná, ọ̀gá," ó ní. "Àpótí wọn dín ẹnu ọ̀nà kù, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún wa lójoojúmọ́. Èmi ni mo di etí wa. Èmi ni mo kọ àṣẹ náà, orúkọ mi wà níbẹ̀."

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ò bá má sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn."

"Bí mi ò bá sọ ọ́, ilé mọ́kànlá ló kù tí àṣẹ kan náà wà nínú wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ àpótí tiwọn, ohun kan náà á ṣẹlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo ń tún ṣe nínú wọn?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́jọ àárọ̀, ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ilé ńlá, ó ń ṣí ihò náà nínú ráútà mọ́kànlá tó kù. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń ṣe é, ewu sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá ṣi ìlà kan kọ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta. Torí náà, kó tó fọwọ́ kan ráútà kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ sọ fún un pé bí òun ò bá padà wá dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó pa ara rẹ̀, kó tún jí pẹ̀lú àṣẹ àtijọ́. Méje lọ láìsí wàhálà. Ní ìkẹjọ, ilé ìwòsàn etí odò, ó tẹ ìlà kan síbi tí kò yẹ, ráútà náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gá ti wá dúró sẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà. Ó bi í pé kí ni wọ́n máa ṣe. Ó ní wọ́n máa dúró. Wọ́n dúró. Fóònù láti etí odò dún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá gbé e, ó bẹ̀ wọ́n. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, ráútà jí, ó jẹ́ ìpè. Ìyá Oníwáyà nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tún ìlà náà kọ síbi tó yẹ, ó kọjá sí ìkẹsàn-án. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ó ti parí wọn. Ó wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ojú ewé méjì, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ pè é. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, bi í pé kí ló dé tí wọ́n á fi gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ó ní kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan. Ó ní ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ohun tí òun bẹ̀ ni pé láti ìsinsìnyí lọ, àṣẹ kan ò gbọdọ̀ wọ inú ráútà kankan tí ẹni kejì ò bá tíì kà á. Wọ́n ní ta ni ẹni kejì yẹn máa jẹ́, nígbà tó jẹ́ òun nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Kó tó dáhùn, ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè níbi tó jókòó sí. Ó ní òun á kọ́ ọ.

Wọn ò fún ilé iṣẹ́ ìta ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Wọ́n fún Ìyá Oníwáyà ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì ní á wà nínú fáìlì rẹ̀ fún ọdún kan. Dókítà ka àwòrán mẹ́tàlélógún náà tán. Méjì nínú wọn ló ní kí wọ́n wá sí ìlú ní kíákíá, àwọn tó kù lè dúró sílé. Wọ́n fi irin so egungun bíríkìlà.

Ìyá Oníwáyà mú ìwé ìkìlọ̀ náà lọ sílé, ó gbé e fún Tíṣà. Tíṣà kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bi í bóyá ó dùn ún.

"Ó dùn mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú rẹ̀."

Tíṣà ní òun lè bá a kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí wọn, òun mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó wọni lára. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má ṣèyọnu, ṣùgbọ́n kó bá òun wá bàtà onírọ́bà òun, torí aago mẹ́fà àárọ̀ lòun àti ọ̀gá fẹ́ gbéra lọ sí etí odò, níbi tí ọ̀gá ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, omi sì ti bo apá kan ojú ọ̀nà.